Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ FAA: Ẹ Má Fi Ọ̀rọ̀ Ẹnu Olùṣe Nìkan Gbé Ọmọ Wa sí Òfúrufú

Sí Ọ̀gbẹ́ni Bryan Bedford, Ọ̀gá Àgbà Àjọ FAA tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfúrufú ní Amẹ́ríkà, àti sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka tó ń fún ọkọ̀ ní ìwé àṣẹ ìfò.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí wọ́n ń pè ní Zodiac CH 601 XL ni mo bá wá. Láàárín ọdún 2006 sí oṣù kẹta ọdún 2009, èèyàn mẹ́wàá ló kú nínú irú ọkọ̀ yìí nígbà tó tú ká mọ́ wọn lójú òfúrufú. Ẹni kọkànlá kú lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún àjọ yín. Ohun tó mú mi gbé gègé báyìí ni òfin tuntun lórí ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí ẹ ń pè ní MOSAIC, tí ẹ kéde ní oṣù keje ọdún 2025. Apá tó kan àwọn awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Apá tó kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2026. Ìlànà pé kí olùṣe fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ọkọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn bá lọ, lẹ ń fẹ̀ lójú sí i, n kò sì tíì rí i pé ẹ ti dí ihò tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá ni mí, Texas ni mo fi ṣe ilé. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ọ̀pọ̀ ará wa ní Dallas, ní Atlanta, ní Maryland. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ ọ́ ní èdè tí ìyá àti bàbá wọn máa kà dópin. Ọ̀gbẹ́ni Bedford, mo mọ̀ pé ẹ kò sí lórí àga nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àga náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ sì jókòó lé e lónìí.

1. Àwọn tó kú

Ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2006, nítòsí Oakdale, ní California. Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, nítòsí Yuba City, California náà ni. Ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2008, nítòsí Barcelona ní Sípéènì. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2008, ní Polk City, Florida. Ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ní ilẹ̀ Netherlands. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2009, ní Antelope Island, Utah.

Irú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọkọ̀ ti fọ́ kó tó kanlẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn òbí tó ń kà á mọ ìdí tí irú ìjàǹbá yìí fi yàtọ̀ sí òmíràn. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré bá kú, ọkọ̀ náà ò ní já lulẹ̀ bí òkúta. Á ṣì máa yọ́ lọ lórí atẹ́gùn, awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ á sì wá pápá tàbí ojú títì tó lè balẹ̀ sí. Ìyẹn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa lójoojúmọ́, tí olùkọ́ á dín ẹ́ńjìnnì kù lójijì láti wo ohun tí wọ́n máa ṣe. Àmọ́ bí ìyẹ́ bá já, kò sí ẹ̀kọ́ kankan tó lè gbà wọ́n. Ìwé àṣẹ awakọ̀, ọdún tó ti fi ń wakọ̀, ìfarabalẹ̀ rẹ̀, kò sí èyí tó wúlò mọ́. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà àti ẹni tó gbà pé kó fò nìkan ló lè gba ẹ̀mí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ là, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti ṣe é kó tó di pé ó wọ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Jámánì fi sọ ọ́ di dandan pé kí irú ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ báyìí ní páráṣúùtì tó lè gbé ọkọ̀ lódindi wálẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wù ú ló ń rà á.

2. Ohun tó ń já ìyẹ́

Lẹ́yìn ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ni abala kan wà tó ń yí sókè yí sódò, tí wọ́n ń pè ní aileron. Òun ni awakọ̀ fi ń tẹ ọkọ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Bí eré ọkọ̀ bá dé ìwọ̀n kan, tí aileron náà kò sì ní irin tó wúwo níwájú rẹ̀ tó máa mú un dọ́gba, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀. Á mú ìyẹ́ gbọ̀n, ìyẹ́ náà á tún mú un gbọ̀n sí i, inú atẹ́gùn tó ń kọjá ni àwọn méjèèjì á ti máa fa agbára, títí irin á fi ya. Flutter ni àwọn ẹlẹ́rọ ń pè é. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Kó tó yé awakọ̀ pé nǹkan ń ṣe, ó ti parí.

Kì í ṣe àrùn tuntun. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti mọ oògùn rẹ̀ láti àwọn ọdún 1920: ẹ so irin tó wúwo mọ́ iwájú aileron kó lè dọ́gba. Àwọn aileron Zodiac CH 601 XL kò ní irin yẹn. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó yàwòrán ọkọ̀ náà gbé ọkàn lé ni pé bí okùn onírin tó ń fa aileron bá le dáadáa, flutter kò ní wáyé. Àjọ NTSB, tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, kò gbà pé ìyẹn tó. Okùn a máa dẹ̀. Ooru àti òtútù ń yí i padà, lílò ń yí i padà, ọwọ́ ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn náà sì lè yàtọ̀. Ṣé orí líle okùn ló yẹ kí ẹ̀mí èèyàn méjì dúró lé?

NTSB rí ohun méjì mìíràn pẹ̀lú. Ọ̀pá tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀ náà fúyẹ́ jù lọ́wọ́ nígbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé awakọ̀ lè fà á ju bó ṣe yẹ lọ láìmọ̀, kó sì di ẹrù tó pọ̀ jù lé ìyẹ́ lórí. Wọ́n tún rí i pé aago tó ń fi eré ọkọ̀ hàn lè má sọ òótọ́, kí awakọ̀ máa rò pé òun kò tíì dé ibi ewu nígbà tó ti kọjá ibẹ̀. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo kí ẹ wò ó. Awakọ̀ tó ń tẹ̀ lé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ gan-an lè kú sínú rẹ̀.

3. Wọ́n kìlọ̀, ẹ dúró

Kí ọdún 2008 tó parí, lẹ́yìn ìjàǹbá tiwọn, Netherlands ti ní kí àwọn ọkọ̀ náà dúró sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ti dá tiwọn dúró. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2009, NTSB kọ̀wé sí àjọ yín pé kí ẹ fòfin de fífi CH 601 XL fò títí yóò fi hàn pé ewu flutter ti kúrò lára rẹ̀. Mark Rosenker tó jẹ́ adelé alága NTSB nígbà náà sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kì í sábà ní kí wọ́n dá irú ọkọ̀ kan dúró lódindi, àti pé bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe sí èyí, ó ṣeé ṣe kí àwọn èèyàn tún máa kú nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbà pé ó dára.

Àjọ kan náà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti máa wádìí ikú ló kọ lẹ́tà yẹn, kì í ṣe oníròyìn tàbí ẹni tí inú ń bí. Èsì tí ẹ fún wọn ní oṣù keje ọdún náà ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti dá gbogbo ọkọ̀ náà dúró.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 2009, ọkọ̀ CH 601 XL mìíràn tú ká lójú òfúrufú nítòsí Agnos, ní Arkansas. Èèyàn kan kú.

Ní ọjọ́ kejì ìjàǹbá náà ni gbogbo nǹkan yí padà. Àwọn kan ra ọkọ̀ yìí ní pípé, àwọn mìíràn fọwọ́ ara wọn tò ó nílé. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní pípé pàṣẹ pé kí àwọn oníbàárà rẹ̀ má fò títí wọ́n á fi tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ̀yin náà gbé ìwé jáde, ẹ gba àwọn tó kù nímọ̀ràn pé kí wọ́n dúró, ẹ sì ní ẹ kò ní fún ọkọ̀ tuntun irú rẹ̀ ní ìwé àṣẹ mọ́ àfi tí wọ́n bá ti tún un ṣe. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kọkànlá, ẹ̀rí kò tó. Láàárín ọjọ́ kan, ó tó. Kí ló wà nínú Arkansas tí kò sí nínú California, Florida àti Utah? Mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, n kò rí ìdáhùn mìíràn ju pé òkú kan tún kún un.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ìmọ̀ràn ni ìwé tí ẹ gbé jáde fún àwọn tó fọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ tiwọn nílé, kì í ṣe àṣẹ. Ẹni tó bá wù ú láti tẹ̀ lé e tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò wù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè má mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà láyé.

4. Ìwé tí olùṣe fọwọ́ ara rẹ̀ kọ

Ibí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 tí òfin ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò pọn dandan kí irú ọkọ̀ báyìí gba inú àyẹ̀wò gígùn tí ẹ máa ń ṣe fún Cessna tàbí Boeing. Àjọ ASTM, tí kì í ṣe ti ìjọba, ló ń kọ ìlànà. Olùṣe á ka ìlànà náà, á ṣe ọkọ̀ rẹ̀, á wá fọwọ́ sí ìwé pé ọkọ̀ òun bá a mu. Orí ìwé yẹn ni ẹ ti ń fún un ní àṣẹ. Ẹni tó ń ta gàrí ni wọ́n ní kó máa yẹ kóńgò ara rẹ̀ wò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, àwọn ẹlẹ́rọ yín gbé àbọ̀ ìwádìí pàtàkì jáde lórí CH 601 XL. Wọ́n sọ pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló fa àwọn ìjàǹbá náà, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìṣòro mélòó kan tó para pọ̀. Mo gba ìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú àbọ̀ kan náà: wọ́n rí i pé ìṣirò ẹrù tí wọ́n fi ya bí ọkọ̀ náà ṣe máa lágbára tó kò bá ìlànà mu fún ọkọ̀ tó wúwo tó 600 kìlógíráàmù, bẹ́ẹ̀ 600 kìlógíráàmù yẹn ni wọ́n fi ń tà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ìlànà wà nílẹ̀. Olùṣe fọwọ́ sí ìwé. Ọkọ̀ náà kò bá ìlànà mu. Ikú ló kọ́kọ́ rí i, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, mi ò bá má fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010 kan náà, ẹ gbé àbọ̀ mìíràn jáde lẹ́yìn tí àwọn èèyàn yín ti ṣèbẹ̀wò sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ẹ bẹ̀ wò ni kò lè fi ẹ̀rí tó kún hàn pé ọkọ̀ wọn bá ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí mu. Ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Ẹ ti mọ̀ láti ọdún 2010 pé ìwé náà lè ṣófo.

5. Òfin tuntun yìí

Mo mọ oore tó wà nínú MOSAIC, n kò sì ní fojú rénà rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi kọ́ni ní Amẹ́ríkà ti gbó, owó wọn sì ti wọ́n kọjá agbára ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló jẹ́ kí ọmọbìnrin mi lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun tó wà nínú àwọn kan lára wọn dára ju ti inú ọkọ̀ àtijọ́ lọ fíìfíì. Mi ò fẹ́ kí ẹ pa ilẹ̀kùn náà dé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹ ṣe ṣí i tó. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ wúwo ju 600 kìlógíráàmù lọ, àga rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ, eré rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 120 nọ́ọ̀tì, ìyẹn nǹkan bí 222 kìlómítà ní wákàtí kan. Lábẹ́ òfin tuntun, ẹ ti mú ìdíwọ̀n kìlógíráàmù yẹn kúrò, eré tó kéré jù lọ tí ọkọ̀ lè fi dúró lójú òfúrufú lẹ wá fi rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ lè ní àga mẹ́rin báyìí. Eré lè pọ̀ sí i. Bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni flutter ń súnmọ́, kò sí ẹlẹ́rọ tó máa jiyàn ìyẹn. Síbẹ̀ ìwé tí olùṣe fọwọ́ sí fúnra rẹ̀ ṣì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìlànà tí kò lè gba èèyàn méjì là nínú ọkọ̀ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lẹ wá ní kó máa ṣọ́ èèyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀ tó yára jù ú lọ.

Àwọn kan á sọ pé àṣìṣe awakọ̀ ló ń pa èèyàn jù nínú ọkọ̀ kékeré, pé ìyẹ́ jíjá kò wọ́pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe awakọ̀, mo lè bá ọmọ mi sọ ọ́. Mo lè ní kó má fò lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá dúdú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un nípa ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò? Nínú irú ọkọ̀ yìí, wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ iwájú ẹni tó jókòó, tó sọ pé ọkọ̀ náà kò bá ìlànà ọkọ̀ gbogbogbòò mu. Ìwé yẹn ń gbé ẹrù yín lé ọmọ mi lórí.

6. Ohun tí a ń béèrè

Àkọ́kọ́: kí wọ́n tó ta ọkọ̀ kan ṣoṣo nínú irú tuntun èyíkéyìí, kí ẹlẹ́rọ tí olùṣe kò gbà síṣẹ́ yẹ ìṣirò ẹrù ìyẹ́ àti ìdánwò flutter rẹ̀ wò, kó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. N kò ní kí ẹ padà sí àyẹ̀wò ọlọ́dún gbọọrọ. Ìyẹ́, ìrù àti ohun tó ń darí wọn nìkan ni. Àwọn nìkan náà ni kò sí àtúnṣe fún lójú òfúrufú.

Ìkejì: kí àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò yẹn wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àti òbí ọmọ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ti lè kà á. Bí olùṣe bá ní àṣírí òwò ni, kó fi ọ̀nà tó gbà ṣe é pa mọ́, kó fi èsì hàn.

Ìkẹta, tó sì wúwo jù lọ́kàn mi: bí ọkọ̀ irú kan náà bá tú ká lójú òfúrufú lẹ́ẹ̀kejì, tí wọn kò sì tíì mọ ohun tó fa ti àkọ́kọ́, kí gbogbo irú rẹ̀ dúró sílẹ̀ ní kíá, kó jẹ́ àṣẹ, kí ẹni tó fẹ́ kó máa fò sì ni kó mú ẹ̀rí wá. Ní ọdún 2006 ni ìkejì ti CH 601 XL ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irú òfin yìí ti wà nígbà náà, ọkọ̀ ti Florida, ti Utah àti ti Arkansas kì bá tí gbéra láìjẹ́ pé wọ́n ti tún wọn ṣe.

Ìkẹrin: kí àṣẹ yẹn kan àwọn ọkọ̀ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò, nígbà tó bá fẹ́ gbé ẹlòmíràn. Òun nìkan, ẹ̀mí rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni.

Ìkarùn-ún: nígbàkigbà tí NTSB bá ní kí ẹ dá irú ọkọ̀ kan dúró tí ẹ sì kọ̀, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí gbangba láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí orúkọ ọ̀gá tó fọwọ́ sí i wà níbẹ̀, kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà sì fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní irú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi irin kún ìdí ìyẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn Zodiac tó kù, wọ́n sì ti so irin tó wúwo mọ́ aileron wọn, oògùn tí àwọn ẹlẹ́rọ ti mọ̀ láti àwọn ọdún 1920. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ tà fún ọmọ wa lónìí, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé ìtàn ọkọ̀ náà pé wọ́n ti ṣe é, kí ẹni tó ń tà á má sì lè tà á láìfi ìwé náà hàn.

A ń retí èsì yín kí ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2026 tó pé. Bí ẹ bá ní ọ̀nà tó dára ju ìwọ̀nyí lọ, ẹ sọ ọ́, a ó gbọ́. Bí èsì bá jẹ́ pé ẹ̀rí kò tó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa iye ìjàǹbá tó máa tó.

Èmi ni,
Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ kan, ní Texas.